Oorun Àwọn Ìyá ní Ìgbà tí Nǹkan Oṣù Bá Dáwọ́ Dúró

Ẹ̀kọ́ ìlera fún àwọn ìyá, àti fún gbogbo ará ilé

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ìgbà jà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò ní wí pé òjò ti kọ òun sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ìgbà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ti múra dè é. Bí ọdún ti ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni ara obìnrin ní àwọn ìgbà tirẹ̀. Ìgbà kan wà tí nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀; ìgbà ọmọ bíbí wà; ìgbà kan sì wà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni a kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìyá kì í kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin nípa rẹ̀ bí ó ti kọ́ ọ nípa ọmọ bíbí; ọkọ kì í béèrè; obìnrin náà fúnra rẹ̀ a sì máa dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá ti ń jìyà, pàápàá jù lọ ní òru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn tí oorun kò sì gbé wọn lọ.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé: èkíní, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara obìnrin ní ìgbà náà; èkejì, ìdí tí oorun fi ń bàjẹ́, àti bí àìsùn ti ń fẹ́ iná sínú ara; ẹ̀kẹta, ohun tí ìyá kan ní Adó-Àwáyè, tàbí ní ìlú àti ìletò mìíràn ní Òkè-Ògùn, lè ṣe sí i láìná owó púpọ̀.

I. OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀

A ń sọ pé nǹkan oṣù obìnrin ti dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá pé oṣù 12 gbáko tí kò rí i, tí kò sì lóyún, tí kò fi ọmọ sí ọmú, tí kì í sì í ṣe oògùn tàbí àìsàn ni ó dá a dúró. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ayé. Àwọn oníṣègùn kan tí wọ́n wádìí ọ̀ràn náà láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà, tí a sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1990, rí i pé nǹkan bí ọdún 48 ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó ń dé. Òjò pàápàá kì í dáwọ́ lọ́jọ́ kan. Òjò àrọ̀kúrò a rọ̀ díẹ̀, a dá, a tún rọ̀, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú ilẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nǹkan oṣù ṣe ń fo oṣù kan, tí ó ń wá ní èkejì, tí ó ń pọ̀ nígbà kan tí ó sì ń kéré nígbà mìíràn, fún ọdún mélòó kan kí ó tó tán. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni ìyọnu oorun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí obìnrin náà kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé ìgbà ti ń yí padà.

Ohun tí ó fà á ni èyí. Obìnrin ní ilé ẹyin méjì nínú ikùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹyin tí wọ́n ń pèsè, wọ́n ń ṣe èròjà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ẹ́sítírójìn, èyí tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Kì í ṣe ilé ọmọ nìkan ni èròjà yìí ń tọ́jú. Ó ní iṣẹ́ nínú ọpọlọ, nínú egungun, nínú awọ ara, nínú àpò ìtọ̀, àti nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹyin bá ti ń tán lọ, èròjà náà a máa lọ sókè sódò, lẹ́yìn náà a dínkù gidigidi. Gbogbo ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò sì mọ̀ pé kò sí nílé.

Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe èpè. Kì í ṣe òtítọ́ pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kó jọ sínú ikùn obìnrin. Awọ tí ó tẹ́ inú ilé ọmọ ni kì í nípọn ní oṣooṣù mọ́; nígbà tí kò nípọn, kò sí ohun tí yóò wó dànù. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí a tọ́jú pamọ́ síbì kan tí ó yẹ kí a fi àgbo fọ̀ jáde.

II. ÌDÍ TÍ OORUN FI Ń BÀJẸ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ń jí ìyá ní òru ni ooru ojijì. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru ara, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ń yan gàrì ti ń ṣọ́ iná abẹ́ agbada rẹ̀. Nígbà tí ẹ́sítírójìn bá dínkù, olùṣọ́ yìí a di oníjìnnìjìnnì. Ooru kékeré tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ a dà bí ooru ńlá lójú rẹ̀, a sì kígbe pé kí gbogbo ara tú ooru jáde kíákíá. Lójú ẹsẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ a ṣí, ooru a gun àyà, ọrùn àti ojú, àyà a máa lù kìkì, òógùn a sì bò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ara a tutù, òtútù a sì mú obìnrin náà nínú aṣọ tí ó ti rin gbìndìn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń yọni lẹ́nu. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní òru, ó ti ba òru náà jẹ́.

Ní Òkè-Ògùn, ọ̀ràn yìí a máa le sí i ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì, nígbà tí òrùlé páànù ti ń gba oòrùn láti òwúrọ̀, tí yàrá kò sì tutù títí di ọ̀gànjọ́. Ara tí ó ti wà ní bèbè tẹ́lẹ̀ kò nílò ju ooru díẹ̀ lọ kí ó tó tàkìtì.

Ohun kejì ni ìrora. Ní 2009 ni Funmilola OlaOlorun àti Taiwo Lawoyin tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tí ó ju 1,000 lọ, ẹni ọdún 40 sí 60, ní ìlú Ìbàdàn. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ìráhùn wọn kì í ṣe ooru. Ìrora oríkèé àti ẹran ara ni: 59 nínú 100 ni ó sọ pé ó ń ṣe wọ́n. Àárẹ̀ ara àti ti ọkàn ni ó tẹ̀ lé e, 43 nínú 100; ooru ojijì sì jẹ́ 39 nínú 100. Ìyá tí ó ti tẹ̀ ba láti òwúrọ̀ nínú oko ẹ̀gúsí, tí ó ru ẹrù dé ọjà, mọ bí eékún àti ìbàdí ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ohun kẹta ni àpò ìtọ̀, tí ń jí ni láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ohun kẹrin ni híhan àti èémí tí ń dá dúró nínú oorun, èyí tí ń pọ̀ sí i fún àwọn obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ sanra. Ohun karùn-ún ni àníyàn. Nínú àwọn ọdún yìí ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ pọ̀ jù, tí òbí ẹni ń darúgbó tí wọ́n sì ń fẹ́ ìtọ́jú, tí ọmọ ń lọ sí ìlú ńlá tí ilé sì ń dá.

Kì í ṣe ọ̀ràn oṣù díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ó sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin tí ó ju 3,000 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìròyìn tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé, nínú àwọn tí ooru ojijì ń mú léraléra, ó ju ọdún 7 lọ fún ìdajì wọn. Fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, tí àwọn baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ, ó ju ọdún 10 lọ fún ìdajì. Ẹni tí a bá sọ fún pé kó fara dà á, yóò kọjá láìpẹ́, ti gba ìmọ̀ràn tí kò pé.

III. INÁ TÍ Ń JÓ LÁBẸ́ EÉRÚ

Nígbà tí ẹ̀gún bá gún àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a wú, a gbóná, a sì máa dun ni. Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, ti kọ àwọn àmì mẹ́rin wọ̀nyí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2,000 sẹ́yìn. Ara ni ó ń bá ọ̀tá jà. Ó rán ẹ̀jẹ̀ sí ibẹ̀, ó rán àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n pa kòkòrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Iná dáradára ni èyí, bí iná ìdáná: a dá a fún iṣẹ́ kan, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a pa á.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ irú iná mìíràn. Lẹ́yìn tí a bá ti sun oko, ó lè dàbí ẹni pé iná ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni kùkùté kan wà níbì kan tí ń jó lábẹ́ eérú, láìní ọwọ́ iná, fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó ń kọjá lọ kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ ni igbó kejì yóò gbiná. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ara pẹ̀lú. Kò sí egbò, kò sí ibà, kò sí ibi tí ó wú. Síbẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ tí ń pe ogun ń káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru, wọ́n sì ń yọ iṣan ẹ̀jẹ̀, oríkèé àti egungun lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Ní 1930, William Tillett àti Thomas Francis, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ìwádìí Rockefeller ní New York, rí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe, èyí tí a ń pè ní CRP lónìí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, ó sì ń pọ̀ nígbàkígbà tí iná bá wà nínú ara. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, iye CRP yóò sọ bí iná náà ti pọ̀ tó, àní nígbà tí ojú kò rí ohunkóhun.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú nǹkan oṣù? Ẹ́sítírójìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kó àwọn ìránṣẹ́ ogun wọ̀nyí níjàánu. Nígbà tí ó bá dínkù, ìjánu a tú. Bákan náà, ọ̀rá a máa kúrò ní itan àti ìdí lọ jókòó sí ikùn ní ìgbà yìí, ọ̀rá ikùn sì ń ṣe irú àwọn ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n a máa ta àwọn tí ń jẹ egungun jí, èyí sì wà lára ìdí tí egungun ìyá àgbà fi ń fúyẹ́ tí ó sì ń tètè kán. Wọ́n a máa ba ara inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èyí sì wà lára ìdí tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà.

IV. BÍ ÀÌSÙN TI Ń FẸ́ INÁ NÁÀ

Kì í ṣe pé ènìyàn ń dùbúlẹ̀ lásán ni oorun jẹ́. Nígbà tí a bá sùn dáradára, ẹ̀jẹ̀ a máa rọlẹ̀, ọkàn a máa lù pẹ̀lẹ́, ara a sì máa ṣe àtúnṣe. Àgbàlagbà nílò wákàtí 7 ó kéré tán ní òru kan.

Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, Michael Irwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn 30 tí ara wọn le, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn láti agogo 11 alẹ́ títí di agogo 3 òru, fún òru kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń ṣe ìránṣẹ́ ogun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní 2006 ni a tẹ ìròyìn yìí jáde. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n rí i pé òru kan bẹ́ẹ̀ dá iná náà sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú ti àwọn ọkùnrin. Ní 2016, wọ́n kó ìwádìí 72 jọ, èyí tí àwọn tí ó wà nínú wọn ju 50,000 lọ: àwọn tí oorun wọn kò dára ní CRP púpọ̀ ju àwọn tí ń sùn dáradára lọ.

Báyìí ni ẹ̀wọ̀n náà ṣe so kọ́ra. Ooru jí ìyá. Àìsùn fẹ́ iná. Iná mú oríkèé ro. Ìrora tún lé oorun lọ. Ní ọjọ́ kejì àárẹ̀ dé, ó jẹ obì kí ojú rẹ̀ lè là, obì náà sì gba oorun alẹ́. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a lè mọ èwo ni ó ṣáájú nínú ẹ̀wọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan dáni lójú: a lè já a ní ibi oorun. Nínú ìwádìí tí Irwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014, nínú èyí tí àgbàlagbà 123 wà, àwọn tí a kọ́ ní ìlànà oorun sùn dáradára sí i, àwọn tí CRP wọn ga sì dínkù láàárín wọn. Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

V. OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

1. Kí agogo jíjí jẹ́ ọ̀kan náà ní ojoojúmọ́. Bí òru ti wù kó burú tó, kí ìyá náà dìde ní àkókò tí ó ti yàn. Jíjí ní àkókò kan náà ni ó ń kọ́ ara ní àkókò sísùn. Bí ó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, kí ó má ju ìdajì wákàtí lọ, kí ó sì jẹ́ ṣáájú agogo 3.

2. Kí ìbùsùn jẹ́ ti oorun. Bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tí oorun kò dé, kí ó má ṣe máa yí kiri lórí ẹní, kí ó má sì ṣe máa ka gbèsè àti ọ̀ràn ẹbí níbẹ̀. Kí ó dìde, kí ó jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kí ó ṣe ohun pẹ̀lẹ́ kan, kí ó sì padà nígbà tí oorun bá kùn ún. Ìlànà yìí àti ti òkè yìí wà lára ohun tí a kọ́ ìdajì nínú àwọn obìnrin 106 tí ó wà nínú ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà lórí tẹlifóònù, ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ 8. Ìwádìí náà, tí ó jáde ní 2016, fi hàn pé oorun wọn dára sí i gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ojijì ṣì ń mú wọn. Bí a bá lè fi ẹnu kọ́ ẹni lórí tẹlifóònù, a lè kọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá pẹ̀lú.

3. Kí yàrá tutù. Kí a ṣí fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì tí a ti ki oògùn ẹ̀fọn bo ìbùsùn, kí ibà má bàa fi ara kún un. Ní oṣù ooru, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí a tẹ́ ẹní sí tutù ju ìbùsùn tìmùtìmù lọ. Kí ìyá náà fi omi tútù wẹ̀ kí ó tó sùn, kí ó wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó sì fi aṣọ gbígbẹ kan àti igbá omi kan sí ìtòsí, kí ó má baà máa wá nǹkan kiri nínú òkùnkùn.

4. Kí obì, gbànja, kọfí àti tíì parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Èròjà tí ń lajú nínú wọn máa ń lo nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ara. Obì tí a jẹ ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lójú ní agogo 10 alẹ́. Kí a mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn lẹ́búlẹ́bú ìrora kan tí a ń tà ní ọjà ní èròjà yìí nínú. Ẹni tí ó lò ó ní alẹ́ nítorí eékún ń pa oorun rẹ̀ fúnra rẹ̀.

5. Ẹmu àti ògógóró, àti àgbo tí a fi ògógóró rẹ, lè tètè mú ni sùn, ṣùgbọ́n wọ́n a máa jí ni ní ọ̀gànjọ́, wọ́n a sì máa mú ooru pọ̀.

6. Ní ti oúnjẹ: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀pà àti èso ìgbà bí ọsàn àti máńgòrò dára fún ẹni tí ó fẹ́ kí iná ara rọlẹ̀, ilẹ̀ Òkè-Ògùn kò sì ṣaláìní wọn. Kí ohun dídùn inú ìgò àti àkàrà òyìnbó dínkù, àti ohun tí a dín nínú òróró tí a ti lò léraléra. Kí oúnjẹ alẹ́ ṣáájú oorun pẹ̀lú wákàtí 2 tàbí 3, kí ó má sì wúwo. Kí a mu omi púpọ̀ ní ọ̀sán, kí ó dínkù ní alẹ́ nítorí ìtọ̀.

7. Ẹni tí ń roko ti ń lo ara rẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́ nílò ìrìn kíákíá fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Adó-Àwáyè ní òkè lẹ́yìn ilé wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ gbà á, tí ó ń gun ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ sí Ìyàkẹ́, adágún omi orí òkè, ní òwúrọ̀ tútù, ń ṣe egungun àti ọkàn rẹ̀ ní oore.

8. Èéfín pẹ̀lú ń dá iná sínú ara. Kí ibi tí a ti ń yan gàrì àti ibi tí a ti ń se irú wà ní gbangba, kí a sì jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kì í ṣe ibi tí èéfín ń lọ.

9. Ẹni tí ó bá ṣọ́ òru ní ilé ìjọsìn, kí ó má ṣe fi òru kejì tẹ̀ lé e. Kí ó sùn ní kùtùkùtù alẹ́ ọjọ́ kejì.

VI. NÍPA OÒGÙN

Oògùn wà tí ń fi ẹ́sítírójìn padà sínú ara, kò sì sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù ú lọ sí ooru ojijì. Ní 2002, a dá apá kan nínú ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà nítorí pé àrùn jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn tí ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kan. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé, fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún 10 lọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, oore rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Kò yẹ ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí àrùn ẹ̀dọ̀. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì fún un; kì í ṣe ohun tí a ń rà lójú ọ̀nà.

Ohun méjì ni kí gbogbo ìyá sá fún. Èkíní ni oògùn oorun tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láìsí ìwé dókítà: ó ń di bárakú, ó sì ń mú àgbàlagbà ṣubú lóru. Èkejì ni oògùn ara ríro tí a pọn pọ̀, nínú èyí tí a sábà máa ń fi prednisolone tàbí dexamethasone sí. Òtítọ́ ni pé àwọn yìí ń pa iná ara, ara a sì fúyẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lé oorun lọ, wọ́n ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, wọ́n sì ń jẹ egungun tí ìgbà náà ti ń sọ di fífúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n pa iná kùkùté, wọ́n sì sun ilé.

VII. ÀMÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FI FALẸ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lójú ara obìnrin lẹ́yìn tí ó ti pé oṣù 12 tí kò rí nǹkan oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kí ó má ṣe yọ̀ pé ọ̀dọ́ ti padà. Ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ, èyí tí a lè wò bí a bá tètè rí i. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà.

Bí òógùn òru bá wá pẹ̀lú ikọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ àti rírù, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ó bá wá pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Bí ó bá wá pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ púpọ̀, kí a wo ṣúgà. Bí ará ilé bá rí i pé ó ń han kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró tí ó sì ń jí pẹ̀lú ìjàkadì, kí wọ́n sọ fún dókítà. Bí ìbànújẹ́ bá bò ó tí ayé sú u, ìyẹn pẹ̀lú ní ìwòsàn. Gbogbo obìnrin tí ó ti kọjá ọdún 45 ni ó yẹ kí a máa wọn ìfúnpá rẹ̀. A lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìṣẹ́yìn. Bí ọ̀ràn bá ju ibẹ̀ lọ, wọn yóò fi ìwé rán an sí Ìbàdàn.

VIII. FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

Ìyá tí kò sùn lóru mẹ́ta kò lè ní sùúrù bí ẹni tí ó sùn. Bí ó bá kanra, bí ó bá gbàgbé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, bí ó bá bọ́ síta ní ọ̀gànjọ́ lọ jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láti gba atẹ́gùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ àjẹ́ sí i. Ooru ni ó lé e jáde. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba ilé jẹ́, ó ti lé ìyá kúrò láàárín ọmọ rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin kan kò mọ̀ nípa ara aya rẹ̀ ni ó sì fà á.

Kí ọkọ béèrè pé, “Ìyá àwọn ọmọ, ǹjẹ́ o sùn?” kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Kí ó jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí bí òtútù bá tilẹ̀ ń mú òun díẹ̀. Kí ó wá aṣọ ìbora fún ara rẹ̀. Kí àwọn ọmọ gba omi pípọn àti igi ṣíṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí òru bá burú. Kí ìyá àgbà tí ó ti kọjá níbẹ̀ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin láìtijú, kí ẹ̀ẹ̀rùn wọn má baà bá wọn lójijì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KẸ́KỌ̀Ọ́

1. Oṣù mélòó ni obìnrin kò gbọdọ̀ rí nǹkan oṣù kí a tó lè sọ pé ó ti dáwọ́ dúró?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iná ìdáná àti iná kùkùté nínú ara ènìyàn?
3. Kí ni òru kan ṣoṣo láìsùn ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a yẹ̀ wò ní Los Angeles?
4. Èé ṣe tí obì ìrọ̀lẹ́ àti lẹ́búlẹ́bú ìrora fi lè ba oorun jẹ́?
5. Àmì wo ni ó yẹ kí ó gbé obìnrin dé ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an?
6. Nínú ìlànà 9 tí a kà sókè yìí, èwo ni a lè bẹ̀rẹ̀ nínú ilé wa ní alẹ́ òní?